Mo Mọ Ata, Àmọ́ Ata Kò Mọ̀ Mí

Tí wọ́n bá ní kí n jẹ́wọ́ gbogbo ìwà òmùgọ̀ tí irú èmi máa ń hù ní ilé oúnjẹ àwọn ará Thai, pàápàá irú èyí tí kò ní aṣọ lórí tábìlì, tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú ìdajì ohun tí wọ́n ń tà, màá jẹ́wọ́ láìjanpata. Ohun tí mi ò ní gbà ni pé àìmọ̀kan ló fà á. Àwọn èèyàn rò pé ohun àjèjì ló ń dójú ti àlejò: igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ, lẹ́tà tí kò jọ a-bí-dí, orúkọ oúnjẹ tó ń lọ́ ahọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun àjèjì ń bà wá lẹ́rù, ẹni tí ẹ̀rù bà á sì máa bèèrè kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ohun tó ń sọ ọmọ Yorùbá di ẹni ẹ̀rín níbẹ̀ ni èyí tó dá a lójú pé òun ti mọ̀ láti ilé ìyá òun. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, ìbẹ́pẹ wà níbẹ̀. Odó àti ọmọ odó ń dún ní ilé ìdáná. Ewé tíì tí wọ́n ń sè fún ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ léfòó nínú ọbẹ̀, ewé mìíràn tó jẹ́ ìbátan ẹfinrin sì ń ta sánsán lára ẹran. A wo tábìlì títí, a ní ilé náà la wà. Láti ìgbà yẹn lọ, a ò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.

Ata ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìgbéraga wa ti le jù. Kí agbáwo bi mí bóyá kí wọ́n dín ata kù fún mi, ojú tí mo máa fi wò ó, ẹni tó bú ìdílé mi là ń fi irú rẹ̀ wò. Mo sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n tí Wilbur Scoville, apoògùn ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1912 láti fi mọ bí ata ṣe ń ta tó, máa ń fi irú atarodo sí nǹkan bí 100,000 sí 350,000. Ata wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Thai fẹ́ràn kì í sábà kọjá 100,000. Nínú ìwé, èmi ni mo borí. Lórí tábìlì, omi ń bọ́ lójú mi, imú ń ṣomi, etí ń hó, mo sì ń fi orí dá agbáwo lóhùn pé kò sí ìṣòro, nítorí ohùn ti lọ. Ìdí ni pé ata nìkan ni òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n, kò wọn ọwọ́ alásè. Atarodo tiwa kì í dá wọ ìkòkò. Tòmátì wà pẹ̀lú rẹ̀, tàtàṣé wà níbẹ̀, àlùbọ́sà wà níbẹ̀; wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, wọ́n dín in nínú òróró, wọ́n sì fi ìkòkò kan ṣoṣo bọ́ gbogbo ilé. Ohun tó kan ahọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ti som tam, oúnjẹ ìbẹ́pẹ tiwọn, yàtọ̀. Wọ́n rẹ́ ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n wẹ́wẹ́, wọ́n ju ata tútù sínú odó pẹ̀lú ááyù, wọ́n gún un díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè là, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n fi omi ẹja àti ṣúgà ọ̀pẹ sí i, ó parí. Iná kò kàn án, òróró kò kàn án, odindi ata náà sì wà nínú àwo ẹnì kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá burú sí ni ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn náà. A máa ń bu omi tútù mu, ife kan lé èkejì. Èròjà tó ń jẹ́ kí ata ta, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní capsaicin, kì í yòrò nínú omi. Òróró ni ó ń bá lọ, omi kàn ń fọ́n ọn káàkiri ẹnu ni. Mílíìkì ló ń ràn án lọ́wọ́, nítorí èròjà kan nínú rẹ̀ ń gbá a mọ́ra, ó sì ń gbé e kúrò lórí ahọ́n. Ìrẹsì lásán náà ń dín in kù díẹ̀, ìyẹn ni ó sì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí a kò wò. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí sí i, bó tilẹ̀ ń dùn mí láti sọ: ata tí a fi ń yangàn, àlejò ni lọ́dọ̀ tiwọn àti lọ́dọ̀ tiwa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí wà lára ohun tó gbé e kiri ayé, àwọn Potogí yìí náà ló sì dé Ayutthaya, olú ìlú àwọn ará Thai ayé àtijọ́, ní 1511. Ṣáájú ìgbà náà, ata tó ń ta lẹ́nu àwọn baba ńlá wa méjèèjì jẹ́ irú ata mìíràn, irú iyèrè àti ataare. Ọmọ ọlọ́mọ là ń tìtorí rẹ̀ jà.

Lẹ́yìn ata, ẹran. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílẹ̀ wa kì í kọ́kọ́ kọjú sí ẹran. Ó máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ẹran yóò wà létí àwo bí ẹlẹ́rìí, ìgbẹ̀yìn ni yóò wá mú un, yóò sì jẹ ẹ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ títí dé egungun. Ẹ̀kọ́ rere ni, mi ò sọ pé kò dára. Ẹ wá gbé e dé iwájú pad kra pao moo, tó jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé kúnná, tí wọ́n yí nínú òróró gbígbóná pẹ̀lú ááyù, ata àti ìbátan ẹfinrin yẹn, tí wọ́n dà sórí ìrẹsì, tí wọ́n sì gbé ẹyin díńdín lé e lórí. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ fi ẹran tó kúnná tó bẹ́ẹ̀ pa mọ́ dìgbà ìkẹyìn? Mo mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é: a ó máa fi ṣíbí ṣa á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, a ó sì máa gbé ìrẹsì funfun mì bí ẹni tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ti khao kha moo tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí wọ́n sè fún wákàtí gbọọrọ nínú omi tó dúdú, tó dùn díẹ̀, títí awọ rẹ̀ fi rọ̀ ju pọ̀nmọ́ ìyá olóúnjẹ lọ. Àwọn ará Ṣáínà tó ṣí wá sí Táílàǹdì, tí àwọn Teochew pọ̀ jù nínú wọn, ló mú irú ọwọ́ ìsebẹ̀ yìí wá. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé abọ́ kékeré kan tì í, tí ọtí kíkan, ata àti ááyù wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ewé tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ. Ẹran díẹ̀, ìrẹsì díẹ̀, omi kíkan díẹ̀, nínú ṣíbí kan náà. Bí a bá wá tọ́jú gbogbo ẹran náà di ìparí, ọ̀rá nìkan ni yóò kù fún wa, a ó sì máa sọ fáwọn èèyàn pé oúnjẹ àwọn ará Thai ti lọ́ràá jù.

Ṣíbí tí mo dárúkọ yẹn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń fi mú un, òun ló sì ń wọ ẹnu. Fọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ òsì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti oúnjẹ sínú ṣíbí. Ọ̀bẹ kò sí, nítorí wọ́n ti gé ẹran tán ní ilé ìdáná. Irú èmi, tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ ìnáwó, á ki fọ́ọ̀kì bọ ẹnu, á sì bèèrè ọ̀bẹ láti fi gé ohun tó ti wà ní gígé. Ẹnìkan lè bi mí pé àṣà wo ni mo ń sọ ná, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni fọ́ọ̀kì ti wá bá àwọn náà. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun tẹ́lẹ̀. Sẹ́ńtúrì 19 ni ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ráyè wọ ààfin, ní ayé àwọn ọba bíi Chulalongkorn, tó jọba láti 1868 sí 1910, tó sì lọ wo ilẹ̀ Yúróòpù fúnra rẹ̀ ní 1897. Àmọ́ ìbéèrè náà ń gbè mí lẹ́yìn. Wọ́n gba fọ́ọ̀kì, wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Nítorí pé a mọ fọ́ọ̀kì ni a kò ṣe kíyè sí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, tí ó ń dẹ́rù bà wá, tí ọ̀pọ̀ wa sì ń fi tipátipá bèèrè fún kí wọ́n lè mọ̀ pé a gbọ́n, ìrẹsì inú àwo kọ́ ni wọ́n ń fi í jẹ níbẹ̀ rárá, núdù ni.

Níbi tí ọwọ́ gan-an bá ti pọn dandan, ìyẹn pẹ̀lú ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra tí àwọn ará Isan, ní àríwá ìlà-oòrùn Táílàǹdì, àti àwọn ará àríwá fẹ́ràn, ó yẹ kí ọmọ Yorùbá sinmi, kó fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè. Ó sì ń bu ú dáadáa o. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń gbé e mì. Ọ̀fun tí ẹ̀bà àti iyán ti tọ́ kì í retí pé kí wọ́n jẹ òkèlè lẹ́nu, ìrẹsì yìí sì ń fẹ́ eyín. Ọbẹ̀ tom yum ni òdìkejì rẹ̀: ewé tíì àti ìbátan atalẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ, òórùn wọn nìkan ni alásè ń gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gbẹ́ àwo sì ni ibùjókòó wọn. Àwa tí a kọ́ láti kékeré pé èèyàn kì í fi oúnjẹ ṣòfò, a ń jẹ wọ́n lẹ́nu bí ẹni tó ń jẹ pákò. Moo ping, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ orí igi tí wọ́n fi àgbọn àti ṣúgà rẹ, tí wọ́n sì sun lórí èédú, kò ní kí n pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: a rò pé sùyà ni, a ń wá yàjì kiri.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ohun tí mo ń wí nìyí: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí nínú wa ni kì í fẹnu kàn án, àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ń sá fún un, àwọn Adventist náà bẹ́ẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, àjèjì pátápátá ni tábìlì yẹn, ó sì yẹ kí àṣìṣe tiwọn pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Ẹ lọ wò wọ́n. Àwọn nìkan ni ojú kì í tì. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ti bèèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀ olómi tó mọ́ gaara, wọ́n sì ti gbọ́ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ tí wọ́n ká róbótó ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti bèèrè òróró tí wọ́n fi dín ẹ̀fọ́. Wọ́n ti mọ̀ pé Mùsùlùmí pọ̀ ní ìhà gúúsù Táílàǹdì, ní Pattani, Yala àti Narathiwat, pé ilé oúnjẹ wọn máa ń gbé àmì halal síta. Ìbéèrè tí wọ́n bi nítorí ẹran kan ti kó ọgbọ́n gbogbo oúnjẹ yòókù wá bá wọn. Èmi tí mo ń jẹ ohun gbogbo ni mo jókòó tí mi ò mọ nǹkan kan.

Àtakò kejì ni pé oníbàárà ló lówó, kó jẹun bó ṣe wù ú. Lórí fọ́ọ̀kì, ó tọ́. Kò sí ẹni tí fọ́ọ̀kì bíbọ̀ sẹ́nu pa rí. Àmọ́ ẹ wo moo kratha, níbi tí wọ́n gbé iná sórí tábìlì, tí wọ́n fi agbada kan tí àárín rẹ̀ yọ gọngọ lé e, tí a ń sun ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí òkè rẹ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ sì ń ṣàn sínú omi ọbẹ̀ tó yí i ká. Gbogbo wa ló rò pé a mọ ẹran sun. Ohun kan náà tí a fi mú ẹran tútù la fi ń mú èyí tó jiná sẹ́nu, tí ìkánjú bá sì dé, a ó ní èyí tó pọ́n díẹ̀ láàárín yẹn ti tó. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Streptococcus suis, tó ń gbé lára ẹlẹ́dẹ̀. Ó ń ti inú ẹran tútù tàbí ẹran tí kò jiná wọ ara èèyàn, àwọn tó sì ti dití nítorí rẹ̀ wà, pàápàá ní àríwá Táílàǹdì níbi tí àwọn kan ti fẹ́ràn ẹran gígé tí wọn kò sè. Àwọn elétò ìlera ibẹ̀ ń kìlọ̀ lórí rẹ̀ léraléra. Owó oníbàárà kò lè ra etí padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà ilé wa kò bá tiwọn mu níbì kankan. Ó bá a mu níbì kan láìyẹ̀. Ní Táílàǹdì, ẹni tó dàgbà jù, tàbí ẹni tó pe àwọn yòókù jáde, ló sábà máa ń san owó oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí àbúrò fọwọ́ kan àpò. Kò sí ohun tí mo ní láti kọ́ níbẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. Níbẹ̀ gan-an ni èmi, tí mo ti ń gba “ẹ̀gbọ́n” lẹ́nu àwọn tí a jọ wá láti ìgbà tí a ti jókòó, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọdún wo gan-an ni wọ́n bí wọn.