Bàbá Sọ́mà

Ọmọ bíbí Ìdànrè ni. Odòde ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé báyìí, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí irú rẹ̀ kò bá sí nínú mọ̀lẹ́bí yín, ó wà lórí WhatsApp yín. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ẹ ò ní gbúròó rẹ̀. Bí ẹ bá pè é, abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ni yóò ti dá yín lóhùn: iṣẹ́ pọ̀, òtútù pọ̀, owó gáàsì ti gòkè. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí oṣù karùn-ún wọlé, kí oòrùn yọ lọ́jọ́ méjì léraléra, kíá ni ọkùnrin náà á jí. Fóònù yín á kún fún àwòrán: Bàbá Sọ́mà nínú ṣòkòtò péńpé, Bàbá Sọ́mà lórí koríko, Bàbá Sọ́mà gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ kọ́ èjìká, áísìkrìmù ń kán sí i lórí. Yóò wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bí ìrọ̀lẹ́ ṣe dùn tó. Ẹ ò lè rí irú èyí ní Nàìjíríà."

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa ń ya fọ́tò náà, nítorí ohun tó fẹ́ kí a kan sáárá sí gan-an nìyẹn. Ní ìparí oṣù kẹfà, ó máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án kí oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tó wọ̀. Tiwa ní Ìdànrè, kí aago méje tó lù, ó ti ń wábi gbà lẹ́yìn òkè. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé oòrùn nìkan kọ́ ló dá a ṣe. Ní 1916, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí wọ́n máa ti aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru. Ẹni tó ní láti gba ilé aṣòfin kọjá kí ó tó rí ìrọ̀lẹ́ lò, ó yẹ kí a bá a kẹ́dùn ni. Bàbá Sọ́mà ń fi í yangàn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni wàhálà wà. Wọ́n ti sọ fún un níbẹ̀ pé aago méje ló yẹ kí ọmọdé máa sùn. Aago méje lù, oòrùn ràn yòò lójú fèrèsé. Ọmọ ní, "Dádì, ọ̀sán ṣì ni." Dádì ní alẹ́ ti lẹ́. Ọmọ nàka síta. Kí lèèyàn fẹ́ wí? Ló bá ní kí wọ́n wọ bàtà, ó tún di pápá Peckham Rye. Yóò ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í rí oòrùn tó níbẹ̀, pé àjọ ìlera NHS gan-an gbà wọ́n níyànjú láti máa lo fítámì D jálẹ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí òun fi ń kó àwọn ọmọ síta. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ó ń fi ìpara tí wọ́n fi ń lé oòrùn kùn wọ́n lójú títí ojú wọn fi funfun.

Ó tún fẹ́ kí wọ́n mọ àṣà. Ó ti ṣèlérí pé alaalẹ́ ni òun yóò máa pàlọ́ Ìjàpá fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni àlọ́ ọ̀sán? Ọkùnrin ń retí kí ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ ò ṣú. Nígbà tí òkùnkùn á fi dé, aago mẹ́wàá ti ń lọ lù, àwọn ọmọ ti sùn lọ, òun fúnra rẹ̀ ti ń hanrun. Nígbà tó yá, ó lọ ra kọ́tíìnì dúdú kan tó nípọn, ó fi bo fèrèsé, ilẹ̀ ṣú. Inú òkùnkùn olówó gọbọi yìí ni Ìjàpá ti ń jalè ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, òkè ni ó ń kó wọn lọ gùn. Primrose Hill lorúkọ òkè náà, gíga rẹ̀ kò tó mítà 70. Ọmọ Ìdànrè rèé o, tí òkè tiwọn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3,000 láti ìtẹ́jú òkun, tí àwọn baba rẹ̀ gbé lókè ọ̀hún títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, tí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ń dúró de ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ wo ààfin Ọwá àtijọ́. Ó dúró lórí ebè koríko yìí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kí àwọn ọmọ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Ẹ bi í ìgbà tó gun tiwa gbẹ̀yìn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà, olùkọ́ ló sì fi ẹgba lé wọn gùn ún.

Oṣù kẹjọ dé, ilé ìwé gba ìsinmi, owó ọkọ̀ òfurufú ti kọjá àfẹnusọ, Bàbá Sọ́mà kó ẹbí rẹ̀ wálé. Ẹ wá wo ìrọ̀lẹ́ ní Ìdànrè lẹ́yìn tí òjò ọ̀sán bá dá. Àpáta ti wẹ̀, ó ń dán. Àwọn tó sá kòkó ń kó o wọlé. Èéfín iná oúnjẹ alẹ́ ń rú lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣe bojúbojú, àwọn mìíràn ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, afẹ́fẹ́ tútù ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Níbo ni Bàbá Sọ́mà wà? Ó wà ní pálọ̀. Ó ti gbogbo fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lórí ògiri. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lórí àga, tàwọn taṣọ alápá gígùn àti ìbọ̀sẹ̀, òórùn oògùn ẹ̀fọn ń ta lára wọn. Èyí àárín ń wo fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń sáré kiri ní Peckham Rye.

Ẹ̀fọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Ibà ń pa ọmọdé, ara ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun kò sì mọ bí a ṣe ń bá a jà. Bàbá tó fi oògùn pa ọmọ rẹ̀ lára kò ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n ẹ bi í, kì í ṣe ẹ̀fọn nìkan: ó tún ku alángbá, ó ku eruku, ó ku ikọ́ ọmọ aládùúgbò, ó wá ku oòrùn, oòrùn kan náà tó ń lé kiri Lọ́ńdọ̀nù, tó di ohun tó ń ba awọ jẹ́ bó ṣe dé Ìdànrè.

"Bàbá mi," ìyá rẹ̀ ní, "kí ni àwọn ọmọ yìí ṣe tí o fi wọ́n sí àhámọ́?"

"Màmá, ara wọn ò mọ ibí ni."

"Ara tìrẹ ńkọ́? Ṣé ìta yìí kọ́ ni mo ti máa ń fi pàṣán wá ọ kiri bí ilẹ̀ bá ṣú?"

"Ayé ti yàtọ̀, Màmá."

Kí ó tó padà, ó lọ sí ìpàdé ọmọ ìlú. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé àwọn ọmọdé Ìdànrè kò ní ibi tí wọ́n ti lè gbádùn ìrọ̀lẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ wọn lókè òkun. Ó ti ya àwòrán ohun tó ní lọ́kàn: pápá kan lẹ́sẹ̀ òkè, tí a óò gé gbogbo igi inú rẹ̀, tí a óò mọ ògiri yí ká, koríko tí yóò ti òkè òkun wá, jangílófà mẹ́fà, géètì, àti ẹni tí yóò máa gba owó ìwọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nawọ́, ó fẹ́ mọ aago tí wọn yóò máa ti géètì.

"Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, sà."

"Nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀fọn."