Ìgò Ọtí Tó Ń Gba Ilẹ̀ ní Kùmásì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú ara mi rí ní Kùmásì ò jẹ́ kí n lè panu mọ́. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ má dárúkọ mi o.

Ní ilẹ̀ Àṣáńtì tí Kùmásì wà, ẹnìkan kì í ta ilẹ̀. Èèwọ̀! Ti àga ọba ni ilẹ̀, ti àwọn tó ti kú ni àti ti àwọn tí a ò tíì bí. Òfin ìpìlẹ̀ Gánà ti 1992 pàápàá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ àga ní àtàgbé. Yíyá ni wọ́n ń yá a: ọdún 99 ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọ onílùú, àlejò bíi tiwa ò sì gbọdọ̀ kọjá 50. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ pulọ́ọ̀tì kan, ńṣe lo máa gbé ọtí lọ kí olóyè. Nsa ni wọ́n ń pè é ní Twi. Láyé àwọn baba ńlá wọn, ọtí ni lóòótọ́. Wọ́n á ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn alálẹ̀, wọ́n á mu ìyókù, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ wá wo ọtí òde òní! Èmi àti àǹtí kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ jọ lọ kí olóyè abúlé kan lẹ́yìn ìlú, n kò ní dárúkọ abúlé náà. Ṣìnáápù méjì wà nínú ọ̀rá dúdú lórí itan mi. Bàbá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ olóyè gbà á, ó tì í sábẹ́ àga bí ẹni ti bàtà, kò tún wojú rẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹ kúuṣẹ́, a ti rí ìkíni, ọtí wá dà? Àǹtí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọtí tó béèrè wà nínú báàgì àǹtí, wọ́n fi bébà wé e, ó nípọn tó búrẹ́dì odidi. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò pè é lówó. "Ọtí pé," ni bàbá wí. Ọtí tó lè ra mọ́tò, ẹ gbà mí!

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyí. Òfin ti pín owó ilẹ̀ àga: ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó o á mú ìdá mẹ́wàá, tí a bá wá dá ìyókù sí 100, àga á gba 25, ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba á gba 20, ìjọba ìbílẹ̀ á gba 55, èyí tó yẹ kó fi la títì kó sì gbẹ́ gọ́tà. Ṣùgbọ́n ta ló ń pín ọtí sí 100? Mímu ni wọ́n ń mu ún! Owó ìyálẹ̀ ọdọọdún, tí kò tó owó gúgúrú, ló ń dé ọwọ́ ìjọba. Ẹ ò wá rí i pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín iye tí pulọ́ọ̀tì kan ń lọ? Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní ṣé ilẹ̀ ń lọ ni. Ìgò náà ṣáá ń tóbi sí i.

Àwọn kan tún ń mu ọtí ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọ̀dà pupa lára ìdajì ilé: ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ mú ìwé àṣẹ wá. Àwa tí a ti mọ ọmọ onílẹ̀ láti ilé, ara wa ò gbọn. Ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ tiwa á pariwo, á gbé igi. Ti ọ̀hún wọ kẹ́ńtè, ó ń fohùn jẹ́jẹ́. Otumfuo Osei Tutu II, ọba Àṣáńtì tó gun àga ní 1999, ti kìlọ̀ títí, ó ti yọ olóyè nípò nítorí ilẹ̀, síbẹ̀ òùngbẹ ò tán.

Ti àwọn onílé tó ń gba ayálégbé ńkọ́? Ojú ò tì wọ́n rárá. Láti 1963 ni òfin ti ní owó oṣù mẹ́fà lonílé lè gbà sílẹ̀. Ẹ lọ béèrè yàrá ní Ayeduase tàbí Bantama, ọdún méjì ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lé yín lórí. Díákónì kan wà tí mo mọ̀, balùwẹ̀ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo agbo ilé rẹ̀, ẹ̀rọ omi kan, ọdún méjì lòun náà ń gbà, á sì ní kí ẹ jẹ́ ká gbàdúrà lé e. Ìjọba fúnra rẹ̀, dípò kó mú wọn, ó dá ètò ẹ̀yáwó sílẹ̀ ní 2023 kí ayálégbé lè rí owó náà san!

Ní ti àwọn ilé ńláńlá ní Ahodwo àti Nhyiaeso, dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2022 tí ọ̀wọ́n gógó dé 54.1 nínú 100 lóṣù Kejìlá, wọ́n ní sídì, owó Gánà, ti kú, àwọn ò lè fi òkú tajà. Nígbà tó wá jí dìde ní 2025, tí dọ́là wálẹ̀ láti bíi sídì 15 sí nǹkan bíi 10, mo béèrè lọ́wọ́ ajẹ́ńtì kan pé ṣé owó ilé á wálẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ṣépè. Ó ní sídì la ń gbà báyìí, mà.

Ó dára. N kò tíì sọ èyí tó ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́lé oníyàrá mẹ́jọ sí Sabon Zongo ní Kùmásì. Ní November 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia ní kí àlejò tí kò níwèé kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Aládùúgbò tí wọ́n jọ ń ta ayò, tó máa ń pè é lẹ́gbọ̀n-ọ́n, ló wá lálẹ́, ó ní òun ò lè wò ó níran kí ilé náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni burúkú. Iye tó san, owó ọkọ̀ dé ilé ni, ti èèyàn méje àti ẹrù wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó sáré tẹ̀ lé lọ́rì dé oríta, ó gbé ìgò ṣìnáápù kan wá dúpẹ́.