Gbèsè Wo Ni Ilẹ̀ Jẹ Páílọ́ọ̀tì?

Ẹ̀yin páílọ́ọ̀tì wa, ẹ jọ̀ọ́, gbèsè wo ni ilẹ̀ jẹ yín tẹ́ ẹ fi ń fi odindi bàálù nà án? Gbàù! Eyín pàdé ahọ́n, bisikíìtì fò jáde lẹ́nu èrò.

Àwa ará Òkè-Ògùn kì í ké lásán o. Ṣakí ò ní pápákọ̀ òfurufú; ká tó dé Ìbàdàn tàbí Èkó wọ bàálù, kòtò ojú ọ̀nà á ti kọ́ ìbàdí wa níṣẹ́. Bí ẹni tó jókòó lórí àpò ẹ̀lùbọ́ láti Àgọ́-Àrẹ dé Ìsẹ́yìn bá ké “Yéè!” nínú bàálù, ọ̀rọ̀ ti kọjá eré.

Wọ́n á ní òjò ló fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: bí omi bá wà lójú rọ́nwéè, ó yẹ kí táyà tẹ ilẹ̀ gírí kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fọ́ wa létè ńkọ́? Òjò wo?

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kì í tètè kanlẹ̀ rárá. Ti Port Harcourt ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, nítorí gbogbo èrò ló sọ̀ láyọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, bàálù Air Peace gbé èèyàn 103 láti Èkó lọ síbẹ̀. Rọ́nwéè ibẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 3,000. Àjọ NSIB, tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, sọ nínú ìròyìn àkọ́kọ́ wọn pé bí ọkọ̀ náà ṣe ń sọ̀ bọ̀ kò dúró ire, mítà 2,264 ló sì ti tán lára rọ́nwéè kí táyà tó kanlẹ̀. Ó fi mítà 209 kọjá òpin rẹ̀ kó tó dúró.

Bí awakọ̀ Ṣakí bá gbé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kọjá ibi tó ń lọ tó bẹ́ẹ̀, èpè nìkan á dá a padà! Páílọ́ọ̀tì náà lè padà. Òfin iṣẹ́ wọn ni: bí bàálù bá ti sún mọ́lẹ̀, tí eré rẹ̀ ṣì pọ̀ jù, kí wọ́n tẹná mọ́ ọn, kí wọ́n gòkè, kí wọ́n yípo, kí wọ́n tún un ṣe. Epo díẹ̀ ni yóò jẹ. Àmọ́ níbi gbogbo láyé lẹ ti máa rí ọ̀gá tí ojú ń tì láti gòkè padà, tí igbákejì rẹ̀ á sì dákẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ aláṣọ òkè tó ń wo ọ̀gá rẹ̀ bó ṣe ń hun àwọ̀ tí oníbàárà ò ní kó hun.

Ẹ̀yin èrò náà ò sàn. Àjà bàálù fẹ́ já lé yín lórí, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́! Ọkọ̀ ò tíì dúró, ẹ ti dìde, ẹ̀ ń fa báàgì lórí ara yín, fóònù ti wà létí: “Ẹ̀gbọ́n, a ti gúnlẹ̀ láyọ̀ o. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá gbé mi, ẹ bá mi mú oògùn teegunteegun dání.”