Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀rọ Tó Ń Rí Ṣúgà Ọmọ Tuntun Lókèèrè

Ẹ̀rọ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Wọ́n ní ẹ ó wo ìwé ìyá, ọ̀sẹ̀ oyún àti ìwọ̀n ọmọ, ẹ ó sì sọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jòjòló yìí máa já wálẹ̀, kó tó já. Gbogbo Yaba ní Èkó ti gbọ́.

A mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, tí oṣù rẹ̀ kò pé, tó kéré jù tàbí tó tóbi jù, ṣúgà rẹ̀ lè wọlẹ̀ kọjá 2.6 mmol/L kó má tilẹ̀ ké. Òmíràn á máa gbọ̀n, òmíràn á rọ jọwọlọ, gìrì á sì dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gún un ní gìgísẹ̀ léraléra. Bí ẹ bá lè dín gígún yẹn kù, ẹ ṣeun.

Àmọ́, ẹ má bínú, níbo lẹ ti kàwé? Boston ni! MIMIC-III, àkójọ ìwé aláìsàn tí àwọn ẹgbẹ́ yín fẹ́ràn, ọmọ tuntun 7,870 ló wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ló gbà wọ́n láàárín 2001 sí 2008. Ọmọ Mushin mélòó lẹ rí níbẹ̀? Ilé ìwòsàn LUTH ti wà ní Ìdí-Àrábà láti 1962, wọn kì í sì í tilẹ̀kùn.

Ẹ tún ní ìwà béèrè-béèrè. Aago tí ọmọ mu ọyàn, ẹ fẹ́. Gbogbo èsì ẹ̀jẹ̀, ẹ fẹ́. Ní wọ́ọ̀dù kan tí mo mọ̀, inú rẹ́jísítà tí tíì ti dà sí ni gbogbo rẹ̀ wà, 3.1 tí wọ́n fi báírò kọ sì jọ 8.1 gan-an. Ibi tó bá ṣófo, ẹ ó fi àfojúbù dí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀mọ̀wé.

Ẹ wá sọ tẹ́lẹ̀ tán; sítíríìpù àyẹ̀wò ńkọ́? Ṣé bàbá ọmọ lẹ fẹ́ rán lọ sí ọjà Ojúwòyè lóru? Ohun tó ń gbé ṣúgà ọmọ ró ti wà nílẹ̀: ọyàn ìyá láàárín wákàtí kìíní kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀lì dextrose tí wọ́n ń fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ nínú, èyí tí àwọn ará New Zealand gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013, kò béèrè iná NEPA.

Ẹ wá bá àwọn àǹtí nọ́ọ̀sì jókòó ní Ìdí-Àrábà, ọdún kan ó kéré tán. Wọ́n á fún yín ní àga. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ. Incubator ló ṣáájú yín lórí ìlà.

Èmi ni tiyín,
Ará Surulere