Ilé Ọba Tó Jó: Ta Ló San Owó Ẹwà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un. Òwe náà dùn létí, pàápàá létí ẹni tó fẹ́ ra ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Lóde òní, ẹ ò lè rí ájẹ́ǹtì ilé kan n'Íbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n pa. Bí páànù bá ti ya, tí ògiri ti là, tí òrùlé ilé ìdáná ti dojú kọlẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má wo bó ṣe rí yìí o. Ilé ọba tó jó..." Ẹni tó fẹ́ rà á á sì bá a parí rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ohun tí àwọn méjèèjì kì í bèèrè ni ẹni tó forí ṣe, tó fọrùn ṣe, nígbà tí wọ́n ń tún ààfin kọ́. Kì í ṣe ọba o. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin ló máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin lọ́dọọdún kí wọ́n lè fi bo òrùlé, ọdún ńlá ni wọ́n sì fi ń ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn, ará ìlú ló ń po amọ̀, ará ìlú ló ń mọ ògiri, tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì mọ apá ibi tó kàn án láti tún ṣe. Kábíyèsí jókòó sórí ìtẹ́, ẹwà ń bù kún ilé. Kò ra ìdì koríko kan. Kò bá bíríkìlà kankan jà. Ìwọ tí o ń fi òwe yìí tu ara rẹ nínú, ìlú wo ló ń ru bẹẹrẹ bọ̀ wá fún ọ?

Ọkùnrin kan tí a ó pè ní Lágbájá kò bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ní Sẹkitéríàtì Agodi. Ó ti pẹ́ tó ti ń sanwó ilé fún ẹlòmíràn, ó wá pinnu pé òun náà gbọ́dọ̀ di lándíọ́ọ̀dù kí òun tó fẹ̀yìn tì, kí owó ilé lè máa gbè é lẹ́yìn tí owó oṣù bá dáwọ́ dúró. Èrò rere ni. Ó yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ta mọ́tò rẹ̀, ó wá ilé kiri. Ibi tí ọgbọ́n ti fi í sílẹ̀ ni etí odò Ògùnpa, níbi tó ti rí ilé kan tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí wọ́n ń pè lórí òkè.

Bí ẹran bá pọ́ọ̀kú lójijì, ó yẹ kéèyàn bi alápatà pé irú ikú wo ló pa á. Lágbájá kò bèèrè. Ká ní ó yà sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní ìkọjá títì ni, ìyá ìbá sọ ìtàn 31 oṣù Kẹjọ 1980 fún un, ọjọ́ tí Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ilé, tó gbé ọjà, tó gbé èèyàn lọ. Ìbá sọ ti 26 oṣù Kẹjọ 2011 pẹ̀lú, nígbà tí omi tún ya wọ ìgboro Ìbàdàn, tí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a lọ. Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ògùnpa kò gbàgbé orísun rẹ̀, kò sì gbàgbé àgbàlá tí Lágbájá ń wọ̀n.

Ẹni tó ta ilé náà ní ọmọ bíbí inú ilé ni òun. Kò purọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ bíbí inú ilé yẹn pọ̀ tó èrò ìsìnkú. Wọ́n ka owó, wọ́n fi rìsíìtì lé e lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Mọ́gàjí, olórí ẹbí, nìkan ni kò sí nínú fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ohun ìní ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, òfin kò mọ irú títà bẹ́ẹ̀ rí. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá sì dá a tà láìfi tàwọn àgbà ẹbí yòókù ṣe, wọ́n lè gba ilé-ẹjọ́ lọ tú u ká. Lọ́yà ì bá sọ èyí fún Lágbájá, ì bá sì rán an létí pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fẹ́ rí ọwọ́ gómìnà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Lágbájá ní lọ́yà ti wọ́n jù. Owó tí ì bá fún lọ́yà, iná aláràbarà tí ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ láti òkè àjà ló fi rà.

Ìgbà tó wá kan àtúnṣe, bíríkìlà àkọ́kọ́ tó pè jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó gbá a, ó tẹ́tí sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, amọ̀ ni ilé yìí, wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú ni. Omi ń gùn ún láti ìsàlẹ̀, sìmẹ́ńtì kò sì jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún òrùlé ṣe, ká la ọ̀nà fún omi àgbàlá, ká ṣí sìmẹ́ńtì tó ti wú yìí kúrò. Ọ̀dà ló kẹ́yìn." Lágbájá wò ó tìfuratìfura. Gbogbo owó yẹn, lórí ohun tí ojú àlejò kò ní rí? Ó dágbére fún un, ó pe ẹlòmíràn, ọmọkùnrin kan tó kó fọ́tò ilé olówó sínú fóònù. Ìyẹn ní, "Alàgbà, POP ló máa gbé ilé yìí jáde." Orí Lágbájá wú.

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Wọ́n ṣe àjà POP aláwọ̀ mẹ́ta sábẹ́ páànù tó ń jò. Wọ́n lẹ táìsì dídán sílé ìwẹ̀ tí kò ní ibi tí omi rẹ̀ ń gbà lọ. Wọ́n ri ẹ̀rọ omi olójú góòlù mọ́ ògiri, wọn kò gbẹ́ kànga. Wọ́n to iná sí gbogbo igun, kò sí mítà. Wọ́n wá fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kun gbogbo rẹ̀, nítorí pé òun ló wà nígboro. Nígbà tí òjò ńlá kejì fi máa dá, omi ti ya àwòrán tí kò sí nínú àdéhùn sára POP, sìmẹ́ńtì ara ògiri sì ń bọ́ lulẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé mílíọ̀nù 12 náírà ló ra ilé, tó sì ya mílíọ̀nù 3 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Àtúnṣe kì í mọ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi 5,000 náírà fò kọjá 10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ parí. Nítorí náà ká fi àtúnṣe sí mílíọ̀nù 8. Gbogbo rẹ̀ di 20. Ayálégbé mẹ́ta ni ilé náà lè gbà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń san 400,000 lọ́dún, mílíọ̀nù kan àti 200,000 ni. Ó máa tó ọdún mẹ́tàdínlógún kí owó tó padà sílé, bí ilé kò bá ṣófo lọ́jọ́ kan, tí ohunkóhun kò sì bàjẹ́. Náírà 6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ilé ń mú wá lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ìpìlẹ̀ owó èlé dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá lọ yáwó ní báńkì láti parí POP, kó fi ilé náà sọrí báńkì náà ló kù.

Ibí yìí ni ìwà ọba ti wá jáde. Lágbájá kò ní ìlú tí yóò ru bẹẹrẹ, ó wá fẹ́ sọ ayálégbé di ìlú. Ó ní ọdún méjì ni kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á san ṣáájú, pẹ̀lú owó àdéhùn, owó ájẹ́ǹtì, àti owó ohun tó bá bàjẹ́, níwájú ilé tó ti bàjẹ́ kí ayálégbé tó dé. Òun tó ń pariwo lánàá pé àwọn lándíọ́ọ̀dù kò láàánú lójú.

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kì í ṣe ọba máa ń ra ilé lọ́nà mìíràn. Á lọ wò ó nínú òjò oṣù Keje, kì í ṣe nínú ọyẹ́. Á wá mọ́gàjí kó tó wá owó. Á tún òrùlé, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti iná ṣe kó tó wo ojú ọ̀dà. Á ṣe yàrá kan parí, á gbé ayálégbé kan wọlé, á fi owó ìyẹn ṣe èkejì. Á sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó rẹ̀ tí kò ní fọwọ́ kàn, nítorí ilé àtijọ́ kì í sọ gbogbo ohun tó ń ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Olùkọ́ kan ti wá wo ilé Lágbájá. Ájẹ́ǹtì ń na ìka sí POP, obìnrin náà ní ó dára. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó yí ẹ̀rọ olójú góòlù, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó béèrè mítà, Lágbájá ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ó wo òkè, ó wo ẹsẹ̀ ògiri, ó fa báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ ṣeun, sà. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ pè mí, kí n wá wò ó dáadáa."