Òkú Adìyẹ Ló Pa Mí

Nínú géèmù kan tó ń jẹ́ NetHack, mo ti ta ògiri nípàá títí ẹ̀mí fi bọ́ lára mi. Àsọdùn kọ́. Bí ẹ bá kú níbẹ̀, géèmù yóò ya òkúta ibojì sójú kọ̀ǹpútà, yóò kọ orúkọ yín sí i, iye góòlù tó wà lọ́wọ́ yín, ọdún tẹ́ ẹ kú àti ohun tó pa yín. Tèmi kà pé ògiri tí mo ta nípàá ni. Kò sọ pé inú ló ń bí mi.

Kọ̀ǹpútà mi ti gbó, kò lè gbé géèmù olówó ńlá, ìyẹn ló gbé mi débẹ̀. Ọdún 1987 ni NetHack jáde, àmọ́ baba ńlá rẹ̀ ni Rogue, tí Michael Toy àti Glenn Wichman bẹ̀rẹ̀ ní Kalifóníà ní nǹkan bí 1980. Nínú NetHack tèmi, kò sí àwòrán, lẹ́tà àti àmì ni gbogbo ẹ̀: @ ni ẹ̀yin, d ni ajá, f ni ológbò. Ẹ ó máa sọ̀kalẹ̀ nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ títí ẹ ó fi rí ońdè Yendor, kí ẹ sì gbé e jáde. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ lè fi géèmù pamọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣí i padà ni yóò pa ohun tó fi pamọ́ rẹ́, kí ẹ má baà rí ibi sá padà sí. Ẹni tó kú ti kú. Ẹlòmíràn ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nínú ihò mìíràn. Wọ́n ní irú ikú báyìí máa ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù.

Ẹyinjú kan wà tó ń léfòó kiri, lẹ́tà e aláwọ̀ búlúù. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn ń dúró bí olóyè tó ń retí ìkíni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi idà gbá a, tó sì wò yín lójú, ẹ ó gan síbẹ̀. Mo mọ̀. Mo ti kà á. Ó dí ọ̀nà mọ́ mi ni, mo sì gbá a. Bí mo ṣe dúró gbagidi, ẹranko kékeré kan tó jọ aláǹgbá wá ń bù mí jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí mi.

Àdúrà náà ti kó bá mi. Jagunjagun obìnrin tí wọ́n ń pè ní Valkyrie ni mo máa ń mú, Odin sì ni òrìṣà tèmi. Ebi pa mí dójú ikú, mo gbàdúrà, Odin bọ́ mi yó. Ó yẹ kí ènìyàn fi í lọ́rùn sílẹ̀ fún nǹkan bí 1,000 ìgbésẹ̀ kó tó tún pè é. Nílé wa, a kì í ṣí fìríìjì láìgbàdúrà. Kò pẹ́ tí mo tún fi kúnlẹ̀, torí ọgbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ dúdú yí mi ká, èpè sì wọ inú ẹrù mi.

Ti cockatrice ló dùn mí jù. Abàmì tó jọ adìyẹ ni. Bí ẹ bá fi ọwọ́ lásán kan òkú rẹ̀ pàápàá, òkúta lẹ ó dà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń wọ ìbọ̀wọ́, wọn a fi òkú náà ṣe kùmọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì gbá a di ère. Mo rí ìbọ̀wọ́. Mo rí òkú. Ara mi yá gágá. Mo ń gbá àwọn ọ̀tá kiri, mo sì ń kó gbogbo ohun tí mo bá bá nílẹ̀, títí géèmù fi kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹrù ti wọ̀ mí lọ́rùn. Mo forí lé àtẹ̀gùn. Nínú NetHack, ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn kì í rọra sọ̀kalẹ̀, ṣe ló máa ń ṣubú. Mo ṣubú, òkú adìyẹ kàn mí lára, ìbọ̀wọ́ ò sì gbani lọ́wọ́ ìyẹn.

Mo figbe ta, “Yéè! Mo kú o!” Òru ọ̀gànjọ́ ni. Màámi sáré wọlé.

“Olúwa má jẹ̀ẹ́! O ò ní kú! Ta ló fẹ́ pa ẹ́?”

“Ẹ má bínú, màámi. Òkú adìyẹ ni.”

Wọ́n wo kọ̀ǹpútà tó kún fún lẹ́tà, wọ́n wò mí, wọ́n lọ gbé òróró wá. Títí ilẹ̀ fi mọ́, wọn ò fi àyè 1,000 ìgbésẹ̀ sílẹ̀ láàárín àdúrà kan sí èkejì.

Géèmù yìí tún ní ìwà ìkà kan: nígbà mìíràn ó máa ń tọ́jú ibi tí ẹ kú sí, ti ẹrù ti ẹrù, kí akọni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè já sí i. Tèmi tuntun sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá ère mi nídìí àtẹ̀gùn, tòun torúkọ mi. Mo fi dígà tí mo gbà lọ́wọ́ aràrá kan fọ́ ara mi. Ẹrù tú jáde. Ológbò mi débẹ̀, ó kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ohun tí èpè wà lára rẹ̀ ni ológbò kì í sì í fẹ́ tẹ̀. Mo wo ológbò. Mo wo ìbọ̀wọ́. Mo wọ̀ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kò ṣeé bọ́ mọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyókù. Nígbà tí géèmù tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹrù ti wọ̀ mí lọ́rùn, mo ní kó máa gbọ́ tara ẹ̀.