Owó Ọkọ̀ Ata Rodo Wà Nínú Owó Ilé

Nílé, ẹni tó ń wá ilé máa ń kó ìbéèrè lọ bá ejẹ́ǹtì bí ẹni ń lọ bá babaláwo: ṣé iná ń wà, ṣé omi ń yọ, ṣé àgbàrá kì í wọlé, ṣé lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ń gbé inú ọgbà? Lánlọ́ọ̀dù náà á béèrè tiẹ̀: "Ará ibo ni yín?" Bí ìdáhùn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n ti gba ilé yẹn lánàá nìyẹn. Ní London, iná ń wà, omi ń yọ, ìbéèrè wá tán lẹ́nu tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jápa dé pẹ̀lú ọmọ méjì. Ẹyọ kan ló kù: "Èló ni?" Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń wọ́. Iye tí ejẹ́ǹtì kọ sójú ìwé kì í ṣe gbogbo owó ilé. Fún ẹni tó ní ọmọ kékeré, àdúgbò tí oríṣiríṣi èèyàn ń gbé ló máa ń dínwó jù bí oṣù bá parí, bí háyà rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ìjọba England ní ẹ̀tọ́ wọn. Nílé, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Gbogbo wa la mọ bí òfin yẹn àti àwọn onílé ṣe ń kí ara wọn látòkèèrè. Ní England, òfin 2019 ti pa owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n rẹ́, ó sì fi owó ìdúró mọ sí háyà ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún ilé tí owó rẹ̀ lọ́dún kò bá tó £50,000. Inú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á dùn, á fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọba. Ṣùgbọ́n òfin 2014 kan tún wà, tó ní kí onílé yẹ ìwé ìgbélùú ayálégbé wò kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. "Ará ibo ni yín?" bá wa wọ bàálù nìyẹn, fọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n fi kún un. Owó orí ilé tí káńsù ń gbà tún ń bọ̀ lẹ́yìn, iye tí ilé tó ní April 1991 ni wọ́n sì fi ń pín in sí ìpele. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ Babangida, ìgbà tó wà lórí oyè ni wọ́n ṣì fi ń díyelé ilé yín.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gba ilé olówó pọ́ọ́kú náà. Abúlé kan ní Kent ló wà: yàrá méjì, ọgbà kékeré lẹ́yìnkùlé, ẹyẹ ń ké láàárọ̀, aládùúgbò kò sì ní í kan ilẹ̀kùn títí ọdún á fi yípo. Sátidé àkọ́kọ́, ata tán. Ṣọ́ọ̀bù abúlé ní ata lóòótọ́, àmọ́ tàtàṣé mẹ́ta tí wọ́n dì sínú ọ̀rá ni. Ẹ lè fún ọmọ ọwọ́ jẹ. Ni tọkọtaya bá wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Rye Lane ní Peckham. Alápatà tí wọ́n bá níbẹ̀ lè jẹ́ ará Afghanistan tí kò fojú kan Ìbàdàn rí, síbẹ̀ á na ọ̀bẹ sí àwo, á béèrè bóyá ṣàkì ni wọ́n fẹ́ àbí pọ̀nmọ́, á sì fi èyí tó rọ̀ hàn wọ́n. Iṣu wà nínú páálí lẹ́nu ọ̀nà, rodo wà nínú abọ́ ike, èlùbọ́ wà lẹ́yìn àwọn fóònù tí wọ́n ń tà, ẹni tó máa di irun ọmọ sì jókòó ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó padà délé. Ẹ yọ owó ọkọ̀ yẹn, lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, kúrò nínú èyí tí wọ́n rò pé àwọn rí jẹ lórí háyà. Ẹni tó ń gbé Woolwich, irú àdúgbò tí mo ń wí ní London, ń fi ẹsẹ̀ rin lọ sí ọjà tiẹ̀. Bó bá sì wọ bọ́ọ̀sì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó bọ́ọ̀sì ní London. Ẹni ọdún 11 sí 15 tó ní káàdì Zip náà kì í san.

Ohun tó wọ́n ju ata lọ ni èèyàn. Físà àbẹ̀wò kì í fún ìyá àgbà tó wá wo ọmọ ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ìyá yẹn sí abúlé Kent, kí tọkọtaya lọ síbi iṣẹ́. Á jókòó sójú fèrèsé, á máa ka mọ́tò. Bí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá yọ, á sáré ṣílẹ̀kùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ará ilé ńkọ́?" Ọkùnrin náà á rò pé ìjà ni. Ẹ gbé ìyá kan náà lọ sí Woolwich. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, á ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣọ́ òru, á ti mọ ẹni tó bímọ ní òpópónà kẹta, òun àti obìnrin ará Ghana kan á sì ti máa fa ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyá á padà sílé, àwọn èèyàn tó bá tọkọtaya náà mọ̀ á ṣẹ́ kù, àwọn ló sì máa mú ọmọ ní iléèwé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú irin bá pẹ́. (Ẹ ṣọ́ra o: ẹni tó bá ń gbowó wo ọmọ ọlọ́mọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ nílé ara rẹ̀, ju wákàtí méjì lọ lóòjọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin.) Tọkọtaya tí físà àwọn méjèèjì kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan owó ìlú kò sì lè gba ọgbọ̀n wákàtí jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọba ń bá òbí tó ń ṣiṣẹ́ san, wákàtí 15 ti ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ni tiwọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́ ẹnu: "Ṣé ká lè tún máa gbé Mushin la ṣe ta ilẹ̀, ta mọ́tò?" Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Àdúgbò tó jẹ́ Yorùbá nìkan náà lówó tiẹ̀ lórí: aṣọ ẹbí Sátidé yìí, ìsọmọlórúkọ Sátidé tó ń bọ̀, ẹni tó sì rí yín nínú bọ́ọ̀sì ti pe ẹ̀gbọ́n yín ní Abẹ́òkúta kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní oríṣiríṣi èèyàn. Ẹ wo Ajégúnlẹ̀: Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Ìgbò, gbogbo wọn há síbẹ̀ nítorí pé háyà ibẹ̀ ṣe é san, kò sì sí ẹ̀yà tó lè ní òun nìkan ló ni ín. Thamesmead ní London bá a jọ. Orí ẹrẹ̀ etí odò Thames ni wọ́n kọ́ ọ sí, àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ wọ ibẹ̀ ní 1968, kọnkéré rẹ̀ sì le lójú débi pé Stanley Kubrick ya lára fíìmù A Clockwork Orange níbẹ̀. Owó ilé tó rọjú ló fa àwọn ará Ghana àti tiwa wá, àwọn ará Vietnam náà sì wà níbẹ̀. Láti May 2022 tí Elizabeth line ti ń dé Abbey Wood lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn àwọn ejẹ́ǹtì ti yí padà, a ò gbọ́ kọnkéré lẹ́nu wọn mọ́.

Àtakò tó le jù ni ti èdè: ká fi ọmọ sáàárín òyìnbó kí ẹnu rẹ̀ lè dán. A ti dán an wò rí. Láti nǹkan bí 1955, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní London ń sanwó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́ ọmọ. Ilé ò rọrùn gbà nígbà náà. Títí di 1968, òfin kò sọ pé kí onílé má lé aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ ọmọ gbọ́ òyìnbó dé góńgó, wọn ò wá gbọ́ ohun tí ìyá wọn ń sọ mọ́. Tilbury ni wọ́n gbé òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje lọ. Fíìmù Farming tó fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe dé sinimá ní 2019, ìtàn ọmọ tó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ débi pé ó bá àwọn jàǹdùkú afáríkodoro rìn.  Lónìí, ní Grays àti Chafford Hundred tí kò jìnnà sí Tilbury, àwọn ọmọ Yorùbá wà ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ọmọ ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò wá olùrànlọ́wọ́ ní England, tẹlifíṣọ̀n ti tó o. Yorùbá ló ń wá a.

Ní ti iléèwé, àwọn ọmọ London, àti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ nínú wọn, ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò GCSE ju ẹgbẹ́ wọn ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní England. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gún ara wọn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, àmọ́ òpópónà la fi ń wò ó, kì í ṣe orúkọ àdúgbò. Àwọn ọlọ́pàá ń gbé àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn òpópónà kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí London bá sì wọ́n jù fún, Manchester àti Leeds wà níbẹ̀, ìṣirò kan náà ni.

Kẹ́ ẹ tó san owó ìdúró, ẹ lọ dúró sẹ́nu géètì iléèwé àdúgbò náà ní aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán, kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń wá mú ọmọ. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù igun, kẹ́ ẹ wo irú ata tó wà níbẹ̀. Ẹ tètè ṣe é: ọ̀pọ̀ iléèwé ló ń wọn ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé géètì wọn kí wọ́n tó gba ọmọ, fọ́ọ̀mù iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ń parí ní 15 January.